Orin abẹ́ fídíò: ìwé àṣẹ rẹ̀ dà?

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè ibi tí èèyàn ti lè rí orin olówó pọ́ọ́kú fi sábẹ́ fídíò láìsí wàhálà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Mo ṣe fídíò kan fún oníbàárà. Orin dùùrù tí mo fi sí i, orí ìkànnì kan ni mo ti dáńlóòdù rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé ọ̀fẹ́ ni. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, oníbàárà pè mí láàárọ̀ kùtù: Content ID, ẹ̀rọ YouTube tó ń dá orin tó ní olóhun mọ̀ nínú fídíò, ti mú orin náà, ẹlòmíì ló ń gba owó ìpolówó orí fídíò rẹ̀. Mo sáré padà síbi tí mo ti rí orin, ojú ewé náà ti pòórá. Kò sí ẹ̀rí kankan lọ́wọ́ mi. Ṣe ni mo tún fídíò náà gé látòkè délẹ̀ láìgba kọ́bọ̀, torí ìlù orin yẹn ni mo fi gé gbogbo àwòrán rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí “royalty-free” tàn yín, kì í ṣe ọ̀fẹ́. Tí ẹ bá ti gba àṣẹ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò ní máa sanwó lórí iye ìgbà tí wọ́n wò ó, ìyẹn náà ni. Orin ṣì ní olóhun.

Tí owó ò bá sí lọ́wọ́, YouTube Audio Library ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, inú YouTube Studio, ibi tí ẹ ti ń bójú tó fídíò yín, ló wà. Ẹ kàn wò ó dáadáa, torí àwọn orin kan wà níbẹ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tó ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni Incompetech, ìkànnì olórin Kevin MacLeod: ẹ dárúkọ rẹ̀, ẹ lò ó, kódà fún iṣẹ́ owó.

Ibi tó ń kó èèyàn sí yọ́ọ́yọ́ọ́ jù ni Creative Commons, àṣẹ tí olórin fi ń jẹ́ kí ẹlòmíì lo orin òun lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n pẹ̀lú òfin. Tí ẹ bá rí NC (NonCommercial) lára àṣẹ náà, ẹ má fi ṣe iṣẹ́ owó. ND (NoDerivatives) ni ọ̀pọ̀ kì í fura sí: wọ́n ka fífi orin sábẹ́ àwòrán sí àtúnṣe, ND kò sì gba àtúnṣe, ì báà jẹ́ fídíò ìgbádùn lásán. Èmi fúnra mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé irú ẹ̀ jáde rí.

Orin àtijọ́ náà ńkọ́? Beethoven ti kú láti 1827, ohun tó kọ ti di ti gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ olórin tó gbà á sílẹ̀ lánàá ló ni ohùn tí ẹ ń gbọ́ yẹn.

Tí fídíò yín bá pọ̀ lóṣù, ẹ lè máa san owó oṣooṣù, bíi ti Epidemic Sound, ilé iṣẹ́ tó ń fúnni láṣẹ orin. Fídíò tí ẹ gbé jáde nígbà tí ẹ ń sanwó kò ní wàhálà bí ẹ bá tilẹ̀ dáwọ́ dúró; tuntun nìkan ni ẹ ò ní lè fi orin wọn sí mọ́. Fún fídíò kan ṣoṣo, ẹ ra àṣẹ orin kan péré.

Ní báyìí, ọjọ́ tí mo bá dáńlóòdù orin ni mo ń ya àwòrán ojú ewé àṣẹ rẹ̀, ti òun ti déètì, mo sì ń kó o pọ̀ mọ́ rìsíìtì sínú fódà iṣẹ́ náà. Nígbà tí wọ́n tún mú fídíò mi, mo ta kò ó kí ọjọ́ márùn-ún tó pé, kí owó ìpolówó lè wà nípamọ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n fún ẹni tó ń pe orin ní tirẹ̀ láti fèsì. Ọjọ́ kẹrin ló yọwọ́.