Ìbéèrè Yín: Kí Ló Ń Sọni Di Aṣáájú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni olórí kíláàsì wa ní SS2, àwa 40. Àfi kí n kọ orúkọ aláriwo kí wọ́n tó dá mi lóhùn. Ṣé aṣáájú nìyẹn?

Ìdáhùn: Rárá, ọmọ wa. Pàṣán tíṣà ni wọ́n ń bẹ̀rù. Bí tíṣà bá jáde, ó parí. Ilẹ̀ gbígbá ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Pín ara yín sí ọjọ́ 5, ẹni 8 lójúmọ́. Fi orúkọ tìrẹ sí ọjọ́ Ajé, kí ọwọ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ kí aago tó lù. Ọ̀rẹ́ ló sábà máa ń bà á jẹ́: yọ ọ̀rẹ́ rẹ kan sílẹ̀ péré, àwọn tó kù á ju ọwọ̀ nù. Owó kíláàsì ńkọ́? Kọ orúkọ, iye àti ọjọ́ lójú ẹni tó san án, má sì dà á pọ̀ mọ́ owó oúnjẹ rẹ láéláé.