Táàpù àtijọ́ tí sáìsì ẹ̀ ò yé ẹ: má fi nọ́ọ̀tì ọjà dán an wò

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kun o. Bàbá mi tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe n'Ísánlú fi àpótí táàpù àti dáì kan sílẹ̀, àwọn irin tí wọ́n fi ń gbẹ́ tírẹ́ẹ̀dì, ìyẹn eyín inú nọ́ọ̀tì àti ara bóòtù. Wọ́n kọ "1/4 26", "5/16 26", "1/2 W" àti "2BA" sí wọn lára, kò jọ ti ọjà ìsinsìnyí. Wẹ́dà kan ní kí n máa fi nọ́ọ̀tì wọ̀ wọ́n wò, pé èyí tó bá ti wọ̀ ni sáìsì ẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ọ̀kun o, àbúrò. Kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Irọ́ ni wẹ́dà yẹn ń pa, ọ̀rọ̀ yìí sì ti sú mi, torí wọn ò yéé gbé tírẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti fi irú ẹ̀ bàjẹ́ wá bá mi nídìí léèdì ní Kàbà.

Ohun mẹ́ta ló ń jẹ́ sáìsì: bí tírẹ́ẹ̀dì ṣe nípọn tó, eyín mélòó ló wà nínú ínǹṣì kan, àti bí ẹnu eyín ṣe là sí, ìyẹn dígírì. Nọ́ọ̀tì ò lè sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ẹ. Wo 1/4 Whitworth (ìlànà àtijọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, òun ni W dúró fún) àti 1/4 UNC tí Amẹ́ríkà ń lò: eyín 20 ni méjèèjì, nọ́ọ̀tì ọ̀kan á wọ ìkejì wẹ́rẹ́, àmọ́ dígírì 55 ni Whitworth, UNC 60. Tó bá wá di 1/2, Whitworth ní eyín 12, UNC ní 13, nọ́ọ̀tì á yí díẹ̀ á há, ẹni tí ò mọ̀ á ní ìpẹtà ni, á lọ gbé sípánà gígùn, ibẹ̀ ló ti parí. 0BA (BA ni ìlànà Gẹ̀ẹ́sì fún bóòtù kéékèèké) àti M6 (ti mílímítà òde òní) tún burú jù, mílímítà 6 ni méjèèjì, àlàfo eyín wọn mílímítà 1, síbẹ̀ dígírì 47.5 ni BA.

Ní ti 26 yẹn, 1/4 BSF (ẹ̀yà Whitworth tí eyín ẹ̀ sún mọ́ra) ní eyín 26, ti kẹ̀kẹ́ náà ní 26. 5/16 ló yà wọ́n, torí 22 ni ti BSF, ti kẹ̀kẹ́ ò yí padà. Bí 5/16 bàbá bá jẹ́ 26, ti kẹ̀kẹ́ ni mo máa kọ́kọ́ fura sí, dígírì 60. Àmọ́ ti bíràásì náà wà, òun náà 26, dígírì 55, géèjì tí wọ́n fi ń wo eyín nìkan ló lè yà wọ́n, mi ò sì tíì fojú rí àwọn ti bàbá o. 2BA jẹ́ mílímítà 4.7, bí nọ́ńbà BA bá ṣe ń ga ni irin ń kéré.

Fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì dúdú pa eyín ẹ̀, tẹ̀ ẹ́ mọ́ pépà, fi rúlà wọn ínǹṣì kan, kí o ka àlàfo, kì í ṣe orí eyín, torí ẹni tó ka orí á fi ọ̀kan lé e. Tó o bá fẹ́ mọ bó ṣe nípọn tó, má wọn ìdí ẹ̀ tó dán. Tí kòtò ara táàpù bá jẹ́ mẹ́ta, kálípà á parọ́ fún ẹ, eyín ò dojú kọra. Kẹrosíìnì ni kó o fi bọ́ ìpẹtà, tó o bá ti í bọ iná, irin á rọ̀. Jọ̀ọ́, má fi wọ́n gbẹ́ nǹkan gáàsì tàbí bíréèkì.

1/2 W yẹn, má jẹ́ kí àwọn tó ń ra irin kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù rí i. Whitworth ló wà lára ẹ́ńjìnnì Lister àtijọ́ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́, tí ibì kan bá jẹ lára ẹ̀, wọ́n á wá ọ wá.