Script ń wá fáìlì níbi tí kò sí

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní script Python kan tó ń bá mi ṣírò owó ọjà, owo.py lorúkọ ẹ̀, inú fódà tí mo pè ní ise ló wà, eto.ini tó máa ń kà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ níbẹ̀. Kí n lè máa pè é látibi tó bá wù mí, mo fi ln -s ṣe symlink ẹ̀ (fáìlì kékeré tó kàn ń tọ́ka sí fáìlì mìíràn) sínú ~/bin (~ ni fódà ilé mi), mo sọ ọ́ ní owo. Tí mo bá ní python owo.py nínú ise, kò sí wàhálà, àmọ́ tí mo bá kàn tẹ owo lásán, FileNotFoundError ni, ó ní kò sí eto.ini nínú bin. Ta ló rán an lọ sí bin? Mo ti lo os.path.abspath(__file__), kò gbọ́. (Òǹkàwé kan, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Àbúrò, ìwọ lo rán an lọ o. Orúkọ tó o fi pe script ni Python ń kó sínú __file__, ~/bin/owo lo sì fi pè é. abspath ò dé orí dísìkì rárá, ọ̀rọ̀ tó bá bá nílẹ̀ ló kàn ń tún ṣe: tí kò bá fi / bẹ̀rẹ̀, á fi fódà tó o wà lọ́wọ́lọ́wọ́ ṣíwájú ẹ̀, á nu . (fódà yìí) àti .. (fódà tó wà lókè ẹ̀) kúrò, ó parí. Bóyá symlink ló wà níbẹ̀ àbí fáìlì gidi, kò kàn án. os.path.realpath ló ń béèrè. Ó máa ń yẹ àdírẹ́sì yẹn wò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tó bá ti kan symlink á tẹ̀ lé e lọ síbi tó ń tọ́ka sí, títí táá fi bá fáìlì gangan. Torí náà kọ ọ́ báyìí:

from pathlib import Path
ibi = Path(__file__).resolve().parent
eto = ibi / "eto.ini"

Iṣẹ́ kan náà ni resolve() àti os.path.realpath ń ṣe, pathlib kàn rọ̀ mí lọ́rùn jù ni, ó sì ti wà láti Python 3.4. Ẹni tó bá ní kó o lo os.getcwd(), má dá a lóhùn, ibi tí ìwọ dúró sí nìyẹn ń sọ, kì í ṣe ibi tí script wà.

Ohun tó wá máa ń da orí rú jù nìyí: tó o bá fi fáìlì Python mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ owo.py, tó o wá ṣe import ẹ̀, á ṣiṣẹ́, kódà tó o bá gba ~/bin pè é! Torí Python fúnra ẹ̀ máa ń tẹ̀ lé symlink kó tó fi fódà script síwájú nínú sys.path (àwọn ibi tí import ti ń wá fáìlì), àmọ́ kì í fọwọ́ kan __file__ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí import fi rí ilé tí open, tó ń ṣí eto.ini, ò rí i. Àwọn tó ti PHP (èdè kọ̀ǹpútà mìíràn) bọ̀ ló tún máa ń kó sí i, torí __FILE__ ti PHP ti tẹ̀ lé symlink kó tó dé ọwọ́ wọn.

Ṣọ́ra fún .. náà o. Ká ní ~/aworan jẹ́ symlink sí /mnt/disk/aworan, tó o bá wọlé síbẹ̀ nínú bash (ibi tí à ń tẹ àṣẹ sí), cd .. á dá ẹ padà sí ~, àmọ́ ls .. á kó ohun tó wà nínú /mnt/disk hàn ẹ́. Bash ń rántí ọ̀nà tó o gbà wọlé, ls ò mọ̀ ọ́n. pwd -P ló máa sọ ibi tó o wà gan-an.

Ìbéèrè: Ọ̀gá, mo bi os.path.exists bóyá symlink kan ti wà, ó sọ pé False, mo wá ní kí os.symlink ṣe é, ó tún ní FileExistsError. Èwo ni ká gbà gbọ́? (Ìyá oníkóòdù, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, ma. Àwọn méjèèjì ò purọ́. Symlink wà níbẹ̀, ohun tó ń tọ́ka sí ni ò sí, exists sì máa ń tẹ̀ lé e lọ kó tó dáhùn. Ẹ lo os.path.lexists, ìyẹn ń wo symlink fúnra ẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi os.readlink wo ohun tí wọ́n kọ sínú ẹ̀. Mo fura pé ẹ kọ os.symlink("data/oja.csv", "linki/oja.csv"). Symlink dà bí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù pé "a ti kó lọ sílé kẹta lápá ọ̀tún", ẹnu ilẹ̀kùn yẹn lèèyàn ti máa ka ilé, kì í ṣe ibi tẹ́ni tó kọ ìwé dúró sí. Inú linki ni kọ̀ǹpútà á ti máa wá data, kò sì ní rí i. "../data/oja.csv" ló yẹ kẹ́ ẹ kọ, os.symlink ò ní kìlọ̀ fún yín torí kì í yẹ̀ ẹ́ wò. realpath náà kì í pariwo tí fáìlì ò bá sí, àfi tẹ́ ẹ bá fi strict=True sí i, Python 3.10 ló gbé ìyẹn dé.

Ìbéèrè: Ṣé kí n kúkú máa fi realpath sí gbogbo àdírẹ́sì fáìlì?

Ìdáhùn: Rárá o. Lórí Linux, python tó wà nínú venv (fódà Python tó dá dúró fún iṣẹ́ kan), symlink sí ti kọ̀ǹpútà ni. Tó o bá fi realpath sí sys.executable (àdírẹ́sì python tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) kó o tó fi pe script mìíràn, ti kọ̀ǹpútà lo máa pè, gbogbo ohun tó o fi pip kó sínú venv ò ní sí ńbẹ̀.