Kí ló dé tí omeprazole kò fi mú àyà títa mi rọlẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ kan tí àyà ti ń ta mí, tí omi kíkan sì ń gòkè wá sí ọ̀fun mi tí mo bá ti dùbúlẹ̀. Wọ́n ní kí n ra omeprazole. Tó bá ti ń ta mí lẹ́yìn oúnjẹ ni mo máa ń gbé kápúsù kan mì, ṣùgbọ́n n kì í rí ìyàtọ̀. Oògùn olómi funfun tí àbúrò mi ń lò, kíá ló ń mú un rọlẹ̀. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àyà títa kì í jẹ́ kéèyàn rí oorun sùn. Àmọ́ n kò rò pé ayédèrú ni. Àkókò tí ẹ ń lò ó ni kò tọ̀nà.

Ara ògiri ikùn wa kún fún àwọn pọ́ǹpù kéékèèké tí ń tú ásíìdì jáde, oúnjẹ ló sì ń jí wọn sí iṣẹ́. Omeprazole kò lè ṣe nǹkan kan fún ásíìdì tó ti tú jáde. Pọ́ǹpù ló ń tì pa, èyí tó bá sì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni agbára rẹ̀ ká. Wákàtí díẹ̀ péré ló sì ń lò nínú ẹ̀jẹ̀. Torí náà, ẹ lò ó ní ìṣẹ́jú 30 sí 60 kí ẹ tó jẹun àárọ̀, lójoojúmọ́, ì báà ta yín, ì báà má ta yín. Gbogbo pọ́ǹpù kọ́ ló ń tì lọ́jọ́ kìíní; ẹ fún un ní ọjọ́ 3 sí 5.

Ẹ má rún ohun tó wà nínú kápúsù náà lẹ́nu o. Wọ́n fi nǹkan bo àwọn hóró róbótó inú rẹ̀ ni, torí ásíìdì ikùn gan-an máa ń ba oògùn yìí jẹ́ kó tó dé ìfun tí ara ti ń fà á mu.

Oògùn funfun yẹn ń pa kíkan ásíìdì tó ti wà nílẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi yá, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí agbára rẹ̀ fi ń tán. Ẹ lè máa fi ra ara yín níyè kí omeprazole tó múlẹ̀. Ẹ fi wákàtí 2 ó kéré tán sáàárín oògùn funfun náà àti oògùn apakòkòrò bíi tetracycline, ciprofloxacin tàbí oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú, kó má bàa dè wọ́n mọ́lẹ̀ sínú ikùn. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dá ṣáṣá, kó bi dókítà kó tó fẹnu kàn án.

Ṣé ẹ ń lo ibuprofen tàbí diclofenac fún ara ríro? Wọ́n lè dá ọgbẹ́ sínú ikùn. Bakitéríà tó ń jẹ́ Helicobacter pylori náà ń fà á, omeprazole nìkan kò sì lè pa á. Ó di kí wọ́n yẹ̀ yín wò, kí wọ́n sì fi oògùn apakòkòrò kún un.

Bí ẹ bá bì ẹ̀jẹ̀, tí ìgbẹ́ yín dúdú bí ọ̀dà, tí oúnjẹ ń há yín lọ́fun, tàbí tí ẹ ń rù láìnídìí, ẹ má dúró ti oògùn kankan, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí àyà bá ń fún yín pinpin tí ìrora sì ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n: ó lè jẹ́ ọkàn.

Tí ọjọ́ 14 bá pé tí kò lọ, ẹ rí dókítà. Ẹni tó bá ti lò ó fún ọ̀pọ̀ oṣù tó wá dá a dúró lójijì, ásíìdì lè ru padà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìyẹn kò fi hàn pé àìsàn náà ti padà dé. Ẹ ní kí dókítà bá yín dín in kù díẹ̀díẹ̀.