Ẹ Bèèrè, Ká Dáhùn: Ọmọdé, Ìwọ̀ àti Ọkọ̀ Ojú Omi

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ gan-an, bóyá torí pé hólídé ti dé, àwọn bàbá sì ń wá ibi tí wọ́n máa kó ọmọ lọ. Mo mú márùn-ún níbẹ̀. Ẹni tí mi ò bá dá lóhùn kó má bínú, ó ṣeé ṣe kí èsì ẹ̀ ti wà nínú tẹlòmíì.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní ọkọ̀ onígi tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ nídìí ní Ẹ̀pẹ́, ó ní kí n kó àwọn ọmọ wá ní Sátidé ká jọ lọ fi ìwọ̀ pẹja. Àwọn ìbejì mi jẹ́ ọmọ ọdún 4, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin jẹ́ 7. Ìyàwó mi ti fárígá, ó ní ọmọ tí ò mọ odò wẹ̀ kò ní nǹkan kan í ṣe lórí ọ̀sà. Mo ní ṣebí inú ọkọ̀ la máa wà, a ò ní wọnú omi. Ẹ bá wa dá sí i. (Bàbá Ìbejì, Ìkòròdú)

Bàbá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Ọ̀rọ̀ "a ò ní wọnú omi" yẹn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ dì mú, torí kò sẹ́ni tó wọkọ̀ rí tó sì ní i lọ́kàn pé òun máa já sómi. Ẹ jẹ́ ká ka orí wò ná. Ọmọ mẹ́ta, àgbà méjì. Ọ̀rẹ́ yín ló ń wa ọkọ̀, ojú ẹ̀ ń wo iwájú, ọwọ́ ẹ̀ wà nídìí ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Ó ku ẹ̀yin nìkan pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta tí méjì nínú wọn ò lè jókòó jẹ́ẹ́ nínú mọ́tò pàápàá, ẹ ẹ́ wá tún mú ìwọ̀ dání, ẹ ẹ́ máa tú okùn tó lọ́, ẹ ẹ́ máa fi ekòló sí i? Kò lè ṣeé ṣe jàre. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá kó ọmọdé lọ pẹja, ẹ̀yin kọ́ lẹ fẹ́ pẹja, ọmọ lẹ fẹ́ ṣọ́. Ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ ò gbọdọ̀ mú ìwọ̀, kò gbọdọ̀ mú fóònù, kò sì gbọdọ̀ fẹnu kan ọtí. Ọmọ tí ò tíì pé ọdún 5, àgbà kan sí ọmọ kan, kí ọwọ́ àgbà yẹn sì lè kàn án láìdìde. Tí ìyàwó yín bá fẹ́ bá yín lọ, tí àbúrò yín kan tó lójú lára náà sì tẹ̀ lé yín, ó dáa. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ mú ẹ̀gbọ́n wọn nìkan wọkọ̀, kí àwọn ìbejì dúró ti ìyá wọn àti àgbà kan sí i létí omi kí wọ́n máa ju ìwọ̀ tiwọn látorí ilẹ̀. Ọmọ ọdún 4 ò mọ̀yàtọ̀, ẹja tó bá gbé ìwọ̀ lẹ́bàá èbúté, ẹja náà ni.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ojú ni pé ọmọ tó ń rì kì í pariwo. Bẹ́ẹ̀ igbe la máa ń retí. Ẹnu ẹ̀ ń wọnú omi ń jáde, èémí tó máa mí ló ń wá kiri, kò rí èyí tó máa fi kígbe, kò sì ní ráyè juwọ́ sí ẹnikẹ́ni, láàárín ìgbà tẹ́ ẹ fi máa yọ ẹja kan lẹ́nu ìwọ̀ gbogbo ẹ̀ ti parí. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀sà ò jìn. Lóòótọ́ ọ̀pọ̀ ibi nínú ọ̀sà Èkó ò ju mítà 2 tàbí 3 lọ, àmọ́ àwọn ìbejì yín ò ju mítà 1 àti díẹ̀ lọ ní ìdúró.

Láìfù-jákẹ́ẹ̀tì wá kàn. LASWA, àjọ ìjọba Èkó tó ń bójú tó ọkọ̀ ojú omi, àti NIWA tìjọba àpapọ̀ ti ń pariwo ẹ̀ tipẹ́ pé ẹni tí ò bá wọ̀ ọ́ kò gbọdọ̀ wọkọ̀. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ti àgbà lẹ máa bá nínú ọkọ̀, èrò ti jókòó lé e títí fóòmù inú ẹ̀ fi pẹlẹbẹ, ibi tí wọ́n fi ń dè é ti já. Ẹ wọ irú ẹ̀ fún ọmọ ọdún 4, tó bá já sómi, jákẹ́ẹ̀tì á léfòó, ọmọ á gba abẹ́ ẹ̀ yọ́ lọ. Ẹ ra tiwọn fún wọn. Wọ́n máa ń kọ ìwọ̀n ọmọ tó wà fún sínú ẹ̀, ìwọ̀n ọmọ lẹ máa wò o, kì í ṣe ọjọ́ orí. Kó ní kọ́là tó gbé orí ró, kó ní okùn tó gba àárín ẹsẹ̀ méjèèjì, kó sì ní ọwọ́ tí wọ́n rán mọ́ ẹ̀yìn ọrùn tẹ́ ẹ lè fi fa ọmọ sókè. Àwọ̀ ọsàn tàbí yẹ́lò ni kẹ́ ẹ mú, ẹ má mú búlúù, kò ní hàn lójú omi. Rọ́bà tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, tí wọ́n ń wọ̀ sápá ní suwímíìn-púùlù, ohun ìṣeré nìyẹn.

Bẹ́ ẹ ṣe máa dán an wò rèé: ẹ wọ̀ ọ́ fún ọmọ ní pálọ̀, ẹ de gbogbo okùn ẹ̀, kẹ́ ẹ wá di èjìká jákẹ́ẹ̀tì náà mú ní ọ̀tún àti òsì kẹ́ ẹ gbé ọmọ sókè díẹ̀. Tí ọmọ bá bá jákẹ́ẹ̀tì gbéra, ó dáa. Tí jákẹ́ẹ̀tì bá ń gòkè ní tiẹ̀, tí àgbọ̀n ọmọ ń wọ inú kọ́là, tí etí ẹ̀ fẹ́ẹ̀ bò, ó tóbi jù, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Kí àwọn ọmọ wọ̀ ọ́ láti ìdí mọ́tò kí wọ́n tó débi pákó èbúté, torí ibi tí wọ́n ti ń fò láti pákó sínú ọkọ̀ gan-an lẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wọ tiyín o.

Nínú ọkọ̀, ìsàlẹ̀ láàárín ni kí ọmọ jókòó, kì í ṣe etí ọkọ̀. Tẹ́ja bá gbé ìwọ̀, kí gbogbo yín má sáré lọ sápá ibì kan láti lọ wò ó, ọkọ̀ onígi ò fẹ́ irú ẹ̀ rárá. Ẹ má fi okùn so ọmọ mọ́ ọkọ̀, mo ti gbọ́ ọ rí pé àwọn kan ń ṣe é, tí ọkọ̀ bá dojú dé ńkọ́? Kẹ́ ẹ lọ láàárọ̀, torí ọ̀sán ni atẹ́gùn máa ń le lórí ọ̀sà. Tó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, kẹ́ ẹ dúró kí kùrukùru ká tán. Tí ẹ bá gbọ́ àrá, kódà kó wà lókèèrè, ẹ padà. Ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ ń lọ àti aago tẹ́ ẹ máa dé fún ẹnì kan lórí ilẹ̀, kẹ́ ẹ di fóònù sínú ọ̀rá, nọ́ńbà pàjáwìrì l'Ékòó ni 767 tàbí 112. Wákàtí kan tó. Ọmọdé tí wọ́n mú padà nígbà tí inú ẹ̀ ṣì ń dùn á tún fẹ́ lọ lọ́jọ́ mìíì.

Ti ìyàwó yín, ó tọ̀nà pé kí wọ́n kọ́ odò wíwẹ̀, kẹ́ ẹ wá tíṣà fún wọn. Àmọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ náà á wọ jákẹ́ẹ̀tì.

Ọkọ mi ra ọkọ̀ kékeré kan, ẹsẹ̀ bàtà 19, Galveston la máa ń gbé e lọ. Ọmọkùnrin wa ọmọ ọdún 11 ní òun ò wọ jákẹ́ẹ̀tì mọ́ torí òun wà nínú àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ fún iléèwé òun. Bàbá ẹ̀ ní kí n fi ọmọ sílẹ̀, ó ti dàgbà. Kí lòfin sọ? (Ìyá Dámi, Houston)

Òfin wà lẹ́yìn yín mà. Ní Texas, ọmọ tí ò tíì pé ọdún 13 gbọ́dọ̀ wọ jákẹ́ẹ̀tì tí Coast Guard, ẹ̀ṣọ́ ojú omi Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí nínú ọkọ̀ tí ò tó ẹsẹ̀ bàtà 26, níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ bá wà lójú omi tí wọn ò so ó mọ́lẹ̀, tí wọn ò sì ju ìdákọ̀ró. Ẹ jẹ́ kí Dádì gbọ́ apá yẹn dáadáa: tẹ́ ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì tí omi kàn ń gbé yín lọ díẹ̀díẹ̀ tẹ́ ẹ ń pẹja, òfin ṣì mú un. Àwọn jákẹ́ẹ̀tì pẹlẹbẹ tó máa ń fẹ́ra ẹ̀ tó bá kan omi, tó wu àwọn ọmọ torí pé kò gbòòrò láyà, ọ̀pọ̀ wọn ni wọn ò fọwọ́ sí fún ọmọ tí ò tíì pé ọdún 16, kẹ́ ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sínú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó ra. Okùn tí wọ́n ń so mọ́ awakọ̀ tó máa pa ẹ́ńjìnnì tí awakọ̀ bá ṣubú náà, látọdún 2021 ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ dòfin fún irú ọkọ̀ yín, ẹ bi í léèrè bóyá ó ń lò ó. Ọmọ ò nílò láìsẹ́ǹsì ìpẹja títí á fi pé ọdún 17, bàbá ẹ̀ ló nílò ẹ̀, tòun ti àfikún ti omi iyọ̀.

Ọmọ tó ń lúwẹ̀ẹ́ fún iléèwé ń wẹ̀ nínú púùlù tí omi ẹ̀ mọ́, tí ilà wà nísàlẹ̀, tí tíṣà dúró sí etí ẹ̀. Omi Galveston máa ń wọ́, ọkọ̀ ńlá sì ń kọjá. Tí Dádì bá wọ tiẹ̀ láì rojọ́, ọmọ yẹn á wọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni ìjà gan-an wà.

Ẹ̀yin ará òkè, ẹ̀rù omi ń bà yín ju bó ṣe yẹ lọ. Àwa tí wọ́n bí sórí omi, ta ló wọ jákẹ́ẹ̀tì fún wa? A tukọ̀, a pẹja, a ò kú. Ẹ fẹ́ sọ àwọn ọmọ di àjẹbọ́tà. (Ọmọ Ìlàjẹ, Igbókọ̀dá)

Ọmọ Ìlàjẹ, mo gbà fún yín lápá kan. Mo ti rí ọmọdé tó ń fi àjẹ̀ tukọ̀ lọ síléèwé ní Mákòkó, tó jókòó lẹ́yìn ọkọ̀ bí ọba, àbúrò wà níwájú, tí ọkọ̀ ò mì rárá, àgbà ará Ìbàdàn mélòó ló lè ṣe é? Ọmọ tó bá dàgbà lórí omi mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó, ó mọ̀gbà tí ìgbì fẹ́ dé, gbogbo ojú tó wà ládùúgbò ló sì ń ṣọ́ ọ. Kò sí láìfù-jákẹ́ẹ̀tì tó lè kọ́ ọmọ nírú ẹ̀.

Àmọ́ ẹ ní ẹ ò kú. Àwọn tó kú ò lè kọ lẹ́tà sí wa, ẹ bi àwọn ìyá yín àgbà léèrè dáadáa, ẹ ẹ́ rí i pé ọmọ wà tí wọn ò kì í fẹ́ dárúkọ. Omi náà ò sì rí bó ṣe rí mọ́. Àjẹ̀ àti ọ̀pá la fi ń tukọ̀ nígbà yẹn, nísinsìnyí ọkọ̀ fáíbà ẹlẹ́ńjìnnì méjì ń sáré kọjá lẹ́bàá ọkọ̀ onígi, ìgbì tó fi sílẹ̀ sẹ́yìn tó láti da omi kún ọkọ̀ kékeré. Ọgbọ́n yín ò ní kí ọmọ má wọ jákẹ́ẹ̀tì, ẹ fi ìkan kún ìkan.

Nǹkan kan wà tí mo máa ń rí nílẹ̀ yín àti ní Èkó tó máa ń kó mi láyà sókè: ìyá pọn ọmọ sẹ́yìn, ó wá wọ láìfù-jákẹ́ẹ̀tì síwájú. Jákẹ́ẹ̀tì tó dáa, iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kó yí ẹni tó wọ̀ ọ́ padà kó dojú kọ ọ̀run. Ọmọ ẹ̀yìn ńkọ́? Abẹ́ omi ló máa wà. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ gbé e sí iwájú lórí itan, kó wọ tiẹ̀. Ọmọ tó kéré débi tí kò sí jákẹ́ẹ̀tì tó bá a mu, ilé ni kó wà, àyàfi tí kò bá sọ́nà mìíì ju omi lọ.

Ẹja òbòkún gún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ ní Badagry, ó sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú. Bàbá kan níbẹ̀ tún ń sọ pé tí ọmọ bá mumi, ká gbé e dorí kodò ká máa mì í. Ṣé òótọ́ ni? (Àǹtí Kẹ́mi)

Irọ́ ni, ẹ má gbé ọmọ kankan dorí kodò, ẹ má tẹ̀ ẹ́ níkùn. Àsìkò lẹ ń fi ṣòfò, èébì sì lè gba ọ̀nà èémí wọlé. Tí ọmọ tí wọ́n fà jáde lómi ò bá mí, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, ẹ gbé àgbọ̀n ẹ̀ sókè díẹ̀, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀marùn-ún kí àyà ẹ̀ gbéra, tí kò bá tíì mí, ẹ tẹ àárín àyà ẹ̀ nígbà 30, ẹ tún fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má dúró títí á fi mí tàbí tí ẹni tó mọṣẹ́ á fi dé. Kódà tó bá jí tó ń rẹ́rìn-ín, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, torí èémí lè tún dà á láàmú lẹ́yìn wákàtí mélòó kan.

Ti òbòkún, ẹ̀gún ẹ̀ mẹ́ta ni, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan lápá méjèèjì. Ẹ ki ọwọ́ ọmọ bọ omi gbígbóná tí àgbà lè fara dà, ẹ fi ọwọ́ tiyín dán an wò kó má bó o lára, fún bí ìdajì wákàtí sí wákàtí kan àti ààbọ̀, ìrora á rọlẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ẹ̀gún kán síbẹ̀, ẹ bi nọ́ọ̀sì nípa abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Lọ́jọ́ mìíì tẹ́ ẹ bá tún mú un, kí àgbà fi àkísà di òbòkún mú, kó fi páláyà gé ẹ̀gún ẹ̀ kọ́mọ tó súnmọ́ ọn.

Ìjẹ wo ló rọrùn fún ọmọdé, ìwọ̀ tó báwo? (Bàbá Sàlámì, Abẹ́òkúta)

Ekòló ni bàbá gbogbo ìjẹ, àwọn ọmọ fúnra wọn á sì gbádùn àtimáa wà á. Tí wọ́n bá ń kórìíra ẹ̀, ẹ fi búrẹ́dì tí wọ́n fi omi díẹ̀ pò dípò, tàbí ẹ̀bà tó le dáadáa, ẹ̀pìyà ń jẹ ẹ́. Ìwọ̀ kékeré ni kẹ́ ẹ mú, kẹ́ ẹ fi páláyà tẹ ẹnu kékeré tó yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ mọ́lẹ̀, pé tó bá gún ọmọ kó lè tètè yọ. Ọ̀pá oparun kúkúrú dáa ju ọ̀pá tó ní kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń yí okùn lọ, torí ẹni tó bá fẹ́ ju okùn jìnnà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ẹni tó wà lẹ́yìn òun.