Jigglypuff Fúyẹ́, Àmọ́ Oorun Àìròtẹ́lẹ̀ Ló Ń Pa Á

Ojú ìwé ìbéèrè àwọn òǹkàwé

Lóṣù yìí, Jigglypuff, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dá tí a lè fi jà nínú géèmù Super Smash Bros. Melee, ni lẹ́tà yín dá lé. Fún ẹni tí kò mọ géèmù náà: Nintendo ló gbé e jáde fún GameCube lọ́dún 2001. Kò ní ìlà ẹ̀mí tó ń dín kù bíi ti ọ̀pọ̀ géèmù ìjà. Bí wọ́n bá ṣe ń lu èèyàn ni % rẹ̀ ń gòkè, bí % bá sì ṣe ń gòkè ni ẹ̀ṣẹ́ ń gbé e jìnnà sí i. Ẹni tí ẹ̀ṣẹ́ bá gbé kọjá ààlà, ìbáà ṣe lókè, nísàlẹ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀mí kan ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Níbi ìdíje, ẹ̀mí mẹ́rin ni oníkálukú máa ń ní, ìṣẹ́jú mẹ́jọ sì ni gbèdéke ìjà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Gbogbo ibi tí mo bá ti kà nípa Jigglypuff, ohun tí wọ́n ń kọ́kọ́ sọ ni pé ó fúyẹ́ jù. Báwo ni géèmù ṣe ń ṣírò ìwọ̀n yìí, ṣé àléébù lásán ni? (Òǹkàwé, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Rárá, kì í ṣe àléébù lásán. Ìwọ̀n Jigglypuff nínú Melee jẹ́ 60. Pichu nìkan ló fúyẹ́ jù ú lọ, 55 ni tirẹ̀; Jigglypuff àti Mr. Game & Watch dọ́gba. Fox jẹ́ 75, Mario 100, Bowser tó wúwo jù gbogbo wọn lọ sì jẹ́ 117. Tí ẹ̀ṣẹ́ bá bà, géèmù á fi 100 kún ìwọ̀n ẹni tó jẹ ẹ̀ṣẹ́ náà, á pín 200 sí ọ̀nà iye tó bá jáde, á sì fi èsì rẹ̀ sọ agbára tó ń ti inú % wá di púpọ̀ tàbí díẹ̀. Ti Mario jẹ́ 1 géérégé. Ti Jigglypuff jẹ́ 200 lórí 160, ìyẹn 1.25. Ti Bowser kò ju nǹkan bíi 0.92 lọ. Agbára ìpìlẹ̀ tí ẹ̀ṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní fúnra rẹ̀ kò sí nínú ìṣirò yẹn, ìdí nìyí tí ìyàtọ̀ kì í fi í hàn púpọ̀ nígbà tí % bá ṣì kéré.

Ẹ wá fi bó ṣe ń já bọ́ kún un, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Eré tí Jigglypuff fi ń já bọ́ jẹ́ 1.3, ti Fox jẹ́ 2.8. Ẹ̀ṣẹ́ kan náà tó gbé àwọn méjèèjì lọ sókè, Fox á ti sọ̀ kalẹ̀ kí Jigglypuff tó parí ìgòkè rẹ̀. Nítorí náà, òkè ni ikú Jigglypuff ti máa ń wá jù, ó sì máa ń yá.

Ẹ yí i padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Fox, tí òun náà fúyẹ́, máa ń jẹ kọ́ńbò (ẹ̀ṣẹ́ tó ń tẹ̀ léra láìdáwọ́ dúró) láti 0% títí ẹ̀mí fi bọ́, torí pé bó ṣe ń yára já bọ́ ló ń padà sọ́wọ́ ẹni tó ń lù ú. Jigglypuff kì í rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ kan tàbí méjì á gbé e jìnnà débi tí èyí tó tẹ̀ lé e kò ní bá a mọ́, ó sì tún ní ìfò márùn-ún nínú afẹ́fẹ́ tó lè fi sá kúrò. Ẹni tó ń bá a jà gbọ́dọ̀ wá àǹfààní tuntun ní gbogbo ìgbà. Ìfúyẹ́ tó ń mú kó tètè kú lókè náà ni kì í jẹ́ kí wọ́n lù ú ní àlùbolẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí. Ọ̀rẹ́ mi ń lo Fox, lókè ló sì ti ń pa mí lójoojúmọ́. Mo ti gbìyànjú láti máa lo apata, ó tún wá burú sí i. (Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Àbúrò, ti apata yẹn ni ká kọ́kọ́ sọ. Bí apata ẹlòmíràn bá fọ́, á kàn dúró níbẹ̀ tí òòyì á máa kọ́ ọ ni. Tí ti Jigglypuff bá fọ́, á fò lọ sókè fíìrì, yóò sì kọjá ààlà, àfi bí ohun kan lójú ìjà bá dí i lọ́nà. Ẹ̀mí kan lọ nìyẹn, ì báà jẹ́ pé 0% lo wà. Lo apata fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ láti fi gba ẹ̀ṣẹ́ kan, kí o sì fò jáde nínú rẹ̀. Má ṣe fi í ṣe ibùgbé.

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni Fox ń gbà pa Jigglypuff lókè: up smash (ẹ̀ṣẹ́ líle tó ń lọ sókè látorí ilẹ̀), àti kó dì ọ́ mú, kó jù ọ́ sókè, kó fi up air (ẹ̀ṣẹ́ sókè nínú afẹ́fẹ́) tẹ̀ lé e. Fún up smash, kọ́ ohun tí wọ́n ń pè ní DI (directional influence). Bí ẹ̀ṣẹ́ bá ti bà ọ́, eré máa dúró gbagidi fún ìṣẹ́jú bíńtín. Ní òpin ìdúró yẹn ni géèmù máa ń wo ibi tí o ti igi ìdarí páàdì rẹ sí. Ó lè fi ìyẹn yí ọ̀nà tí o máa gbà lọ ní ìwọ̀n igun 18, kò lè jù bẹ́ẹ̀. Láti rí gbogbo 18 náà gbà, ìhà tó dábùú ọ̀nà ẹ̀ṣẹ́ ni kí o tì í sí. Ẹ̀ṣẹ́ tó ń gbé ọ lọ sókè tààrà, apá òsì tàbí ọ̀tún pátápátá ni. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé èèyàn á ti igi sísàlẹ̀, torí ó rò pé ìyẹn á fà á bọ̀ wálẹ̀. Kò ní yí ohunkóhun padà, torí pé ojú ọ̀nà kan náà ni.

Up air Fox máa ń bà lẹ́ẹ̀mejì. Èkíní kò lágbára, èkejì ló ń pa èèyàn. Nígbà tí èkíní bá bà ọ́ tí eré sì dúró, gbá igi ìdarí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kíákíá, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ bó bá ṣeé ṣe, kí ara rẹ lè yọ̀ kúrò kí èkejì tó dé. Ọwọ́ máa ń mọ̀ ọ́n bó bá yá, kì í ṣe ọjọ́ kan.

Èyí tó kù jẹ́ ti ibi tí o ń dúró sí. Bí ó bá ti gbé ọ sókè, má sọ̀ kalẹ̀ sórí Fox. Fi eré afẹ́fẹ́ rẹ rọra yà lọ sí etí pèpéle, kí o dì í mú. Tí % rẹ bá ṣì kéré, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀: ẹ̀ṣẹ́ tó bá ba ẹni tó bẹ̀rẹ̀ kò ní gbé e ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ. Jigglypuff tiẹ̀ kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ ọ̀pọ̀ ẹni tó bá fẹ́ dì í mú máa ń kọjá lórí rẹ̀ bó bá bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá sì jọ ń yan ojú ìjà, yọ Pokémon Stadium kúrò, ààlà òkè ibẹ̀ sún mọ́lẹ̀. Dream Land ni kí o yàn, òkè rẹ̀ ga, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì fẹ̀; ẹ̀ṣẹ́ tí ì bá pa ọ́ níbòmíràn lè má pa ọ́ níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n ní Rest, oorun tí Jigglypuff fi ń jà, ni ẹ̀ṣẹ́ tó lágbára jù nínú géèmù náà. Èmi bá ń sùn káàkiri, wọ́n sì ń pa mí. Kí ni mo ń ṣe tí kò dáa? (Òǹkàwé, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Ẹ ń sùn kí ẹ tó mọ̀ pé ó máa bà. Melee ń ṣe fírémù (àwòrán) 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Rest, tí í ṣe down B (títẹ B pẹ̀lú igi ìdarí sísàlẹ̀), ń bà ní fírémù kìíní gan-an, kò sì sí ohun tó lè kàn Jigglypuff láti fírémù 1 dé 26. Ẹ̀ṣẹ́ náà jẹ́ 28%, agbára rẹ̀ sì pọ̀ débi pé ó lè pa ẹni tí % rẹ̀ kò tíì pọ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wàhálà wà. Oorun náà á gbà tó fírémù 250, ó lé ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin. Ẹni tó bá fẹ́ kó agbára smash jọ dé góńgó kò nílò ju fírémù 60 lọ. Ó lè rìn wá, kó yan ibi tó wù ú, kó kó agbára jọ, kó sì gbá yín dànù, àyè á tún ṣẹ́ kù.

Ibi tí Rest ti ń bà kéré púpọ̀, àárín ara Jigglypuff nìkan ni. Kí ẹ sún mọ́ èèyàn kò tó, ara méjèèjì gbọ́dọ̀ wọnú ara wọn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi ẹ̀ṣẹ́ mìíràn ṣínà fún un. Mẹ́ta ni ká mẹ́nu bà. Ẹni tó bá wà nílẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lé e pẹ̀lú down air (ẹ̀ṣẹ́ sísàlẹ̀ nínú afẹ́fẹ́), kí ìyípo tó kẹ́yìn bà á bí ẹsẹ̀ yín ṣe ń kanlẹ̀, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì L tàbí R láàárín fírémù méje tó ṣáájú kíkanlẹ̀ kí àkókò ìdúró lè dín sí ìdajì, kí ẹ wá sùn lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá wà lókè yín díẹ̀, up air, kí ẹ fò bá a, kí ẹ sùn. Fox àti Falco ní tiwọn, ẹ dì wọ́n mú, ẹ jù wọ́n sókè. Bí wọ́n ṣe ń yára já bọ́ ló ń gbé wọn padà wá bá yín. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìhà tí wọ́n DI sí, kí ẹ fò tẹ̀ lé e kí ẹ tó tẹ down B. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe nìyẹn: wọ́n á fò sókè tààrà, ẹni náà á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ tún mọ̀ pé Rest tó pa èèyàn pàápàá lè jẹ yín níyà. Tí ẹni náà bá tètè kọjá ààlà, á padà wá lórí pèpéle ìpadàbọ̀ pẹ̀lú ara tí ohunkóhun kò lè kàn, ẹ̀yin á sì ṣì wà lójú oorun. Tó bá jẹ́ pé ó fò lọ sẹ́yìn títí tó fi di ìràwọ̀ lójú ọ̀run, ìyẹn pẹ́ díẹ̀, ẹ lè ti jí. Lójú tiwa, kí ẹ ka ẹ̀mí kí ẹ tó sùn. Bí ẹ bá ní méjì tí òun ní ẹyọ kan, ẹ sùn láìbẹ̀rù. Bí ẹ̀yin lẹ ní ẹyọ kan tí òun ní mẹ́ta, ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo tí kò bà ti parí ìjà.

ÌBÉÈRÈ: Tí kì í bá ṣe Rest, kí ni kí n máa fi jà? (Òǹkàwé, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù)

ÌDÁHÙN: Back air, ìyẹn ẹ̀ṣẹ́ sẹ́yìn nínú afẹ́fẹ́. Òun ni oúnjẹ òòjọ́ Jigglypuff. Lórí ilẹ̀, ó ń fà bí ìgbín, àmọ́ nínú afẹ́fẹ́, kò sí ẹni tí eré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó tirẹ̀ nínú géèmù náà, 1.35. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí ọ̀tá, ẹ fò kúkúrú, ìyẹn ni pé kí ẹ tẹ X tàbí Y kí ẹ sì ju ú sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó kúrò nílẹ̀. Fírémù márùn-ún lẹ ní fún un. Ẹ wọlé, kí orí ẹsẹ̀ nìkan bà á, kí ẹ sì fà sẹ́yìn kí ọwọ́ rẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ yín. Bí ẹ bá wọlé jù, á dì yín mú. Bí ẹ bá fà sẹ́yìn kó tó bà, ẹ ti fún un láyè láti sáré wọlé. Àárín méjèèjì ni iṣẹ́ wà.

Ẹ̀yìn odi pèpéle ni back air ti dùn jù. Ọ̀tá tó ń gbìyànjú láti padà sórí pèpéle, ẹ jáde lọ bá a, ẹ lù ú, ẹ fò, ẹ tún lù ú, ẹ padà. Ẹ ṣáà máa ka ìfò tẹ́ ẹ ti lò. Sing, tí í ṣe up B rẹ̀, kì í gbé e sókè rárá. Orin lásán ni, ẹ jẹ́ kó máa kọ ọ́ nílé. Pound, ìyẹn side B, ló lè ràn yín lọ́wọ́: á gbé yín síwájú, tí ẹ bá sì ti igi ìdarí sókè bó ṣe bẹ̀rẹ̀, á gbé yín ga díẹ̀. Ẹ máa fi ó kéré tán ìfò kan pamọ́ fún àbọ̀. Rollout, ẹ̀ṣẹ́ yíyí gbirigbiri rẹ̀, ńkọ́? Ẹ gbàgbé rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ta ni mo lè wo fídíò rẹ̀? (Òǹkàwé, Ìlọrin)

ÌDÁHÙN: Mang0, tó fi Jigglypuff gba ìdíje GENESIS lọ́dún 2009, máa ń kọlu èèyàn láìdúró. Hungrybox, tó gba ti Evo lọ́dún 2016 lẹ́yìn tó borí Armada, máa ń ní sùúrù. Òun ni kí ẹ wò fún back air. Ẹ wá ìjà tí Armada ti fi Young Link kojú rẹ̀ pẹ̀lú. Ọfà, bọ́ǹbù àti igi tó ń jù ni kò jẹ́ kí Jigglypuff lè fẹ́ bó ṣe wù ú nínú afẹ́fẹ́, ẹ ó sì rí ohun tó ń ni ín lára ju Fox lọ nígbà mìíràn.

ÌBÉÈRÈ: Super Smash Bros. Ultimate lèmi ní lórí Switch. Ṣé ohun tí mo bá kọ́ níbí máa wúlò? (Òǹkàwé, Kútọnu)

ÌDÁHÙN: Díẹ̀ nínú rẹ̀. Ìwọ̀n Jigglypuff níbẹ̀ jẹ́ 68, Pichu sì jẹ́ 62, nítorí náà òun ló ṣì fúyẹ́ ṣìkejì. Eré afẹ́fẹ́ àti back air wà. Títẹ L láti dín ìkanlẹ̀ kù kò sí mọ́, ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀. Rest ṣì ń mú un sùn gbalaja, àwọn ọ̀nà tó ń wọ̀ ọ́ ló yàtọ̀, ẹ ó ní láti kọ́ wọn lọ́tọ̀. Ní ti apata, kò sí ohun tó yí padà: bó bá fọ́, òkè ló ń lọ.