Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé ọmú náà kí èsì tó pé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè láti Iléṣà nípa ẹ̀gbọ́n yín obìnrin, pé jẹjẹrẹ ọmú rẹ̀ ti dé ìpele 3, pé kímò (oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, tí wọ́n sábà ń fà sí iṣan) ni dókítà fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹbí ní kí wọ́n kúkú gé e kíá: ti dókítà ni kẹ́ ẹ gbọ́. Ojú mi ti rí ibi tí ẹbí ti borí, mi ò sì fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíì.

Ní ìpele 3, kókó náà ti lè lẹ̀ mọ́ awọ tàbí mọ́ àyà, tàbí kí kókó abíyá ti so pọ̀. Bí wọ́n bá fi ọ̀bẹ bẹ̀rẹ̀, ó ṣòro kí wọ́n rí etí tó mọ́ gé. Èyí tó bá ṣẹ́kù á tún hù lójú ọgbẹ́, ọgbẹ́ ò ní jiná, kímò á sì máa falẹ̀ nítorí ọgbẹ́. Kímò ló ń mú kí kókó súnkì kí abẹ tó kàn án.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé àwọn tó yẹ kó là á yé aláìsàn kì í là á: ìpele nìkan kọ́ ló ń sọ oògùn tó yẹ. Èsì ER àti PR (ohun tó ń gba họ́mọ̀nù lára jẹjẹrẹ) àti HER2 (èròjà tó ń mú kó yára dàgbà) wà níbẹ̀ pẹ̀lú, inú ẹran biopsy (ẹran díẹ̀ tí wọ́n gé lára kókó láti yẹ̀ wò) ni wọ́n sì ti ń rí i. Ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Láàárín wákàtí kan tí wọ́n bá gé ẹran yẹn, kó ti wọ inú fọ́máálìn (omi tí kì í jẹ́ kí ẹran rà). Kì í ṣe omi iyọ̀ o, kì í ṣe inú ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí wọ́n so lẹ́nu. Fọ́máálìn náà kó tó ìlọ́po 10 ẹran, nínú ìgò ẹlẹ́nu fífẹ̀. Kó lò tó wákàtí 6 níbẹ̀, kó má kọjá 72. Orúkọ, nọ́ńbà fáìlì, ọmú ọ̀tún tàbí òsì, àti aago tí wọ́n gé e: ara ìgò ni kí wọ́n kọ wọ́n sí, torí ìdérí ṣeé pààrọ̀. Bí ẹran bá ti ń rà kó tó dé lábù, ER tó wà níbẹ̀ lè má hàn mọ́, wọ́n á sì kọ pé kò sí. Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin tó yẹ kó máa lo tamoxifen (oògùn tó ń dí họ́mọ̀nù lọ́nà fún ẹni tí ER rẹ̀ wà), hóró 20 mg kan lójúmọ́ fún ọdún 5 sí 10, ṣe ń pàdánù oògùn tó wà lára èyí tó rọ̀ lówó jù. Bí ẹnikẹ́ni lẹ́nu káńtà bá ní "ẹ ṣáà gbé e lọ bẹ́ẹ̀," ẹ má kúrò níbẹ̀, ẹ béèrè fọ́máálìn.

HER2 tí wọ́n bá kọ 0 tàbí 1 sí, kò sí. 3, ó wà. 2 kì í ṣe "kò sí": àyẹ̀wò FISH, tó ń wo jíìnì HER2 fúnra rẹ̀, ló máa yanjú ẹ̀. Bó bá wà, trastuzumab, oògùn tó ń dojú kọ HER2, ni, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta fún ọdún kan, owó ńlá sì ni. Wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ ọkàn rẹ̀ wò kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ti kímò fúnra rẹ̀, wọ́n á ṣàlàyé. Doxorubicin, ọ̀kan nínú oògùn kímò, pupa, ìtọ̀ á pupa, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ní ojú abẹ́rẹ́ ń ta òun, kí nọ́ọ̀sì dá a dúró lójú ẹsẹ̀, torí bó bá jò sínú ẹran, ó ń jó o. Ẹ ra tẹmọ́mítà sílé. Bí ara bá gbóná dé 38, pàápàá láàárín ọjọ́ 7 sí 14 lẹ́yìn kímò, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ òru. Ẹ má fún un ní oògùn ibà kẹ́ ẹ máa wò ó. Agbo náà, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀dọ̀ ló ń bá wí.

Lẹ́yìn bíi kímò ẹ̀ẹ̀mẹta, kókó lè súnkì débi pé ọwọ́ ò ní fẹ́ bá a mọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ pé ó ti san, tí wọ́n ń sá. Iṣẹ́ abẹ ṣì wà níwájú, radiotherapy (ìtànṣán tó ń pa jẹjẹrẹ tó bá ṣẹ́kù) sì tẹ̀lé e. Ìgbà kímò ni kẹ́ ẹ ti lọ gba àyè radiotherapy sílẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí Èkó, torí ẹ̀rọ ń bàjẹ́, èrò sì pọ̀.

Ìpele 1 àti 2 tí kókó kéré, abẹ lè ṣáájú. Bó bá jẹ́ kókó nìkan ni wọ́n yọ, radiotherapy di dandan. Ẹni tí kò ní rí i ṣe, kó bá dókítà sọ̀rọ̀ yíyọ gbogbo ọmú. Ìpele 4, wọn kì í sábà gé e, oògùn ni wọ́n fi ń tì í sẹ́yìn. Ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní kó lọ jókòó sílé: mọ́fíìnì wà fún ìrora.

Ní ti bóyá Ifẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé e lọ àbí Iléṣà, abẹ́ OAUTHC (ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀) kan náà ni Wesley Guild ti Iléṣà àti ilé ìwòsàn Ifẹ̀ wà. Ẹ ṣáà gba búlọ́ọ̀kù ẹran náà (ẹran biopsy tí lábù fi ìda dì) ní lábù, tàbí ìwé tó sọ ibi tó wà, kí wọ́n lè tún un yẹ̀ wò bí èsì bá rú wọn lójú.